Honda CG125 àtijọ́ tó ń rẹ̀ lórí òkè: kí ni mo lè fọwọ́ ara mi ṣe tí kò ní ná mi lówó púpọ̀?

ỌmọẸ̀fọ̀n
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Honda CG125 kan ló bọ́ sí mi lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ó ti dàgbà gan-an, ṣùgbọ́n kò dákú rí. Òun la fi ń kó kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti oko wálé. Ẹni tó bá mọ Ẹ̀fọ̀n-Alààyè mọ̀ pé kò síbi téèyàn fẹ́ gbà tí kò ní pàdé òkè. Tí mo bá ti di àpò kòkó kan sẹ́yìn, gíà kìíní ni mo máa fi gun òkè láti ìsàlẹ̀ dókè, nígbà mìíràn màá tún sọ̀ kalẹ̀ kí n máa tì í.

Mẹkáníìkì àdúgbò ní kí n ju ẹ́ńjìnnì yẹn nù, kí n ra ti 150 gbé sí i. Owó yẹn ò sí. Ọmọkùnrin kan ní kí n yọ fítà dànù, kí n sì lu inú sàlẹ́ńsà jáde. Mo ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì àti ọ́ìlì, n ò fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀. Mo ní sípánà, mo sì lè tú nǹkan kí n tò ó padà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè ṣe fúnra mi?

Ẹ̀ṣọ́Títì
Bọ̀ọ̀dá, ọmọkùnrin yẹn ò parọ́. Yọ fítà, lu sàlẹ́ńsà, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mí. Bí mo ṣe ṣe Jincheng tèmi nìyẹn. Tí mo bá ti gbéra ní Bódìjà, wọ́n ti gbọ́ mi ní Mọ́kọ́lá. Ó tán.

BàbáSípánà
Pé wọ́n gbọ́ ẹ ní Mọ́kọ́lá ò ní kó gbé àpò kòkó gun òkè.

ỌmọẸ̀fọ̀n, kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ìbéèrè kan ni kí o kọ́kọ́ dá lóhùn. Bí o bá dé àárín òkè, ṣé ẹ́ńjìnnì ń ké tagbáratagbára tí máṣíìnì ò sì sún tó bó ṣe ń ké? Àbí ohùn ẹ́ńjìnnì gan-an ló ń rẹlẹ̀, tó ń wúwo, títí tó fi fẹ́ kú? Àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì.

Tó bá ń ké lásán, kọ́lọ́ọ̀ṣì ló ń yọ̀. Má tíì sáré lọ ra páálí rẹ̀. Wo wáyà rẹ̀ ná: ọwọ́ kọ́lọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ mì díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà, bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì lórí ọwọ́ náà. Tí kò bá mì rárá, ìdajì ìtẹ̀ ni o ń gbé kiri láti àárọ̀ dalẹ́. Lẹ́yìn náà, irú ọ́ìlì wo lo dà sí i? Inú ọ́ìlì ni kọ́lọ́ọ̀ṣì máṣíìnì ń gbé, ti mọ́tò ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó ń dín epo kù máa ń mú kí kọ́lọ́ọ̀ṣì yọ̀. Èyí tí wọ́n kọ JASO MA sí lára, àmì ọ́ìlì tó bá irú kọ́lọ́ọ̀ṣì yìí mu, ni kí o máa wá.

Tó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ló ń rẹ̀, gbé máṣíìnì sórí sítándì àárín, yọ ọ́ kúrò nínú gíà, fọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn. Ó yẹ kó yí díẹ̀ lẹ́yìn tí o bá ti fi í sílẹ̀. Tó bá dúró lójú ẹsẹ̀, bíréèkì ló dì í mú, tàbí ṣéènì ló le jù, tàbí bíárì ti jẹ. Mo ti rí i tí wọ́n gbé máṣíìnì wá fún mi pé kò lágbára, bíréèkì ẹ̀yìn ló ń bá jà.

Ìyẹn tán, ó kan tápẹ́ẹ̀tì, ohun tó ń tẹ fáàfù, ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé àti èyí tí èéfín ń gbà jáde. CG ò ṣòro: àlàfo 0.08 mílímítà fún méjèèjì, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátá, kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọjà. Ṣí ìdérí òsì, yí fáìwíìlì títí àmì T yóò fi bá ojú ilà mu. Di tápẹ́ẹ̀tì méjèèjì mú, mì wọ́n. Ó yẹ kí àwọn méjèèjì mì. Tí ọ̀kan bá le, tún yí fáìwíìlì ká lẹ́ẹ̀kan, ìyí tí kì í ṣe tirẹ̀ lo wà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ayé ìsinsìnyí kì í fi irin òṣùwọ̀n, irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí wọ́n ń ki bọ àlàfo náà, wọ̀n ọ́n, wọ́n á kàn dè é títí kò fi ní pariwo mọ́, oníbàárà á sì máa yọ̀ pé máṣíìnì òun ti dákẹ́. Tápẹ́ẹ̀tì tó ń ṣe kẹ́kẹ́kẹ́ díẹ̀ sàn ju èyí tó dákẹ́ fẹ́mú lọ. Èyí tó dákẹ́ lè jẹ́ pé fáàfù ò pa dé mọ́ tó bá gbóná, gbogbo agbára á sì máa gba ibẹ̀ jáde.

ÌyáGàrí_Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ kú àlàyé o, Bàbá. Èmi ò mọ tápẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọ tó ń gun máṣíìnì fún mi ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀gẹ́ láti oko jíjìn, àwọn máṣíìnì wọ̀nyẹn ò gbé e. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní ká yí sípírókẹ́ẹ̀tì iwájú padà, kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì yẹn. Eyín 15 ló wà níbẹ̀, ó gbé 14 sí i. Owó rẹ̀ kò súnmọ́ owó táyà rárá. Láti ìgbà náà, ibi tí wọ́n ti ń fi gíà kìíní wọ́ tẹ́lẹ̀, gíà kejì ni wọ́n fi ń gùn ún.

Ṣùgbọ́n n ò ní purọ́ fún ọmọ mi. Lójú ọ̀nà ọlọ́dà ó máa ń ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, epo sì ń lọ sí i díẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ tirẹ̀ bá jẹ́ láti máa sáré lọ sí Ìlọrin, kó má ṣe é.

Ní ti fítà, ẹni tó bá yọ ọ́ lára máṣíìnì tèmi, á wá ibòmíràn gùn. Ẹ wo eruku tó wà lọ́nà oko nígbà ọyẹ́.

TíṣàFísíìsì
Òótọ́ ni ìyá sọ, ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà tì í lẹ́yìn. Ká ní eyín 15 ló wà níwájú, 41 sì wà lẹ́yìn. Ẹ fi 15 pín 41, ó jẹ́ 2.73. Tí iwájú bá di 14, ó di 2.93. Fífà táyà lọ sókè pẹ̀lú ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Iyàn kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n eré náà á dín kù bákan náà: ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń bá yín sáré 80 kìlómítà ní wákàtí kan tẹ́lẹ̀, á máa bá yín sá bíi 75. Kò sí agbára kankan tó kún ẹ́ńjìnnì o. A kàn fi eré ra fífà ni.

Ẹni tí kò bá rí ti iwájú rà lè fi kún ti ẹ̀yìn. Eyín kan tó dín níwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó eyín mẹ́ta tó kún lẹ́yìn. Àmọ́ ẹ má dín iwájú jù. Tó bá ti kéré jù, ṣéènì á máa ká kọ́rọ́kọ́rọ́ yí i, òun àti eyín náà á sì tètè jẹ.

BàbáSípánà
Tíṣà káre. Ìyá, ẹ má bínú mà, ó ku ohun kan tí ẹ ò sọ: ṣé wọ́n pààrọ̀ ṣéènì pọ̀ mọ́ ọn? Tí ẹ bá gbé sípírókẹ́ẹ̀tì tuntun sábẹ́ ṣéènì tó ti fà, ṣéènì á jẹ eyín rẹ̀ ní kíákíá. Bí ẹ ṣe máa mọ̀: ẹ lọ sí ẹ̀yìn pátápátá, ibi tí ṣéènì ti yí sípírókẹ́ẹ̀tì ńlá, ẹ fìka fà á sẹ́yìn. Tí ẹ bá lè rí ju ìdajì eyín lọ lábẹ́ rẹ̀, ó ti lọ nìyẹn.

ÌyáGàrí_Ògbómọ̀ṣọ́
Wọn ò pààrọ̀ rẹ̀ o. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tún wá gbowó lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ẹ ṣeun, Bàbá. Èmi àti ẹni náà á jọ sọ̀rọ̀.

ỌmọỌ̀yọ́_Texas
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ò gun ọ̀kadà mọ́, àmọ́ mo ní ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin àtijọ́ kan, Honda FourTrax 300, tí mo fi ń kó igi àti koríko nínú ọgbà níhìn-ín ní ìlà-oòrùn Texas. Láti 1988 títí di 2000 ni wọ́n fi ṣe irú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ sílíńdà kan ṣoṣo tó ń lo kábúrétọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ wa ò jìnnà síra.

Èmi náà ti gbọ́ ìmọ̀ràn fítà àti sàlẹ́ńsà yẹn. Àwọn òyìnbó ibí náà fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ tí epo ò pọ̀, iná inú ẹ́ńjìnnì á gbóná jù. Mo ṣí ìdérí àpótí fítà, kì í ṣe pé mo yọ fítà fúnra rẹ̀. Bí mo bá fún un níná tán pátá, ó ń húkọ́. Mo yọ púlọ́ọ̀gì, ojú rẹ̀ funfun. Púlọ́ọ̀gì tó ní àwọ̀ ilẹ̀ ni èèyàn fẹ́ rí. Funfun, epo kéré. Dúdú tó ní èédú, epo ti pọ̀ jù. Mo wá ra jẹ́ẹ̀tì ńlá, ihò tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀, tó fẹ̀ ju tàtijọ́ lọ díẹ̀, mo sì gbé abẹ́rẹ́ inú kábúrétọ̀ sókè. Abẹ́rẹ́ yẹn ní àwọn ibi tín-ín-rín tí wọ́n gbẹ́ sí i lórí, ẹ sún kílíìpù rẹ̀ sísàlẹ̀ ní ipele kan, abẹ́rẹ́ á ga sókè, epo á sì pọ̀ sí i ní àárín ìfúnná. Àwọn mìíràn ò ní ibi tí wọ́n gbẹ́. Wọ́ṣà tín-ín-rín kan lábẹ́ kílíìpù á ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ṣé ó fà sí i? Ó fà sí i díẹ̀, lókè lọ́hùn-ún tí ẹ́ńjìnnì ti ń yí kíákíá. Nísàlẹ̀ tí mo ti nílò rẹ̀ láti wọ́ igi, n ò rí ìyàtọ̀ gidi.

Ohun tó tilẹ̀ ṣe mí ní jàǹbá ni táyà. Ẹni tó ni í kí n tó rà á ti de táyà gàgàrà onípàlà sí i nítorí ẹrẹ̀. Tèmi ò ní ṣéènì, irin gbọọrọ ló ń gbé agbára lọ sí táyà, n ò lè yí eyín kankan padà. Ìgbà tí mo dá táyà padà sí ìwọ̀n tó bá a wá láti ilé iṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. ỌmọẸ̀fọ̀n, wo ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára táyà ẹ̀yìn rẹ o.

Ẹ̀ṣọ́Títì
Gbogbo èyí tẹ́ ẹ̀ ń sọ, Jincheng tèmi sáré sí i lẹ́yìn tí mo lu sàlẹ́ńsà. Ojú mi ló ṣe. Ẹ má sọ pé irọ́ ni.

TíṣàFísíìsì
Kò sẹ́ni tó pè ọ́ ní onírọ́, àbúrò. Jincheng AX100 tìrẹ máa ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, irú rẹ̀ sì máa ń kó èédú sí inú sàlẹ́ńsà títí ihò á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èédú yẹn lo lù kúrò, tí o rò pé irin inú ibẹ̀ ló ń dí ọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá yọ irin inú rẹ̀, tó fi iná jó èédú rẹ̀, tó dá a padà, á rí eré náà láì sí ariwo.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, irú ẹ́ńjìnnì yẹn gan-an ni kò yẹ kéèyàn gé sàlẹ́ńsà rẹ̀. Ìrísí ikùn sàlẹ́ńsà rẹ̀ ló ń ti epo tútù tó fẹ́ bá èéfín jáde padà sínú sílíńdà. Gé e, epo á bá èéfín lọ. CG ní fáàfù tó ń ṣí tó ń tì, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ̀ṣọ́Títì
Mo gbọ́ sà. Màá yọ ọ́ wò.

ỌmọẸ̀fọ̀n
Ẹ ṣeun gan-an ni, gbogbo yín. Bàbá, ohùn rẹ̀ ló ń wúwo, kì í ké lásán. Mo gbé e sórí sítándì, táyà ẹ̀yìn ò yí ju ìdajì lọ. Mo dẹ bíréèkì díẹ̀, mo sì rí i pé ṣéènì náà le, kò mì rárá. Mo dẹ òun náà. Mo wá ṣí tápẹ́ẹ̀tì. Ti afẹ́fẹ́ mì díẹ̀. Ti èéfín ò mì rárá, bó ṣe wù kí n yí i. Irin òṣùwọ̀n tí mo yá ò wọlé sábẹ́ rẹ̀. Mo ti ṣe méjèèjì sí 0.08.

Fítà rẹ̀ jẹ́ ti fóòmù, eruku pupa ti dì mọ́ ọn lára. Ó ti yàtọ̀ báyìí. Láì gbé ẹrù, gíà kejì ló fi ń gun òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa. Tí mo bá gbé kòkó, gíà kìíní ṣì ni, àmọ́ n kì í sọ̀ kalẹ̀ tì í mọ́. Mo ka eyín: 15 níwájú, 41 lẹ́yìn, bíi pé Tíṣà ti wá wò ó.

Nǹkan kan ṣì wà. Tí mo bá ti rìn jìnnà díẹ̀, ó máa ń fẹ́ kú. Tí mo bá dúró díẹ̀, á tún dáhùn.

BàbáSípánà
Mo sọ ọ́ àbí n ò sọ ọ́? Tápẹ́ẹ̀tì èéfín ló sábà máa ń jẹ́.

Tó bá tún fẹ́ kú, má pa á. Ṣí ìdérí táńkì níbẹ̀. Tí o bá gbọ́ fììì, tí ẹ́ńjìnnì sì gbádùn, ihò kékeré tó wà nínú ìdérí ló dí, afẹ́fẹ́ ò wọlé rọ́pò epo tó ń jáde. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ló ń là á. Tí kò bá sí fììì, lọ sí ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀, tú síkúrù tó ń fa epo jáde, gbà á sínú ife funfun. Epo inú ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà máa ń ní omi. Wàá rí omi náà nísàlẹ̀ ife, á dá dúró sọ́tọ̀.

Fóòmù yẹn, fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, fi ọṣẹ fọ kẹrosíìnì náà kúrò, jẹ́ kó gbẹ. Fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á lára, fún un dáadáa kó má máa kán. Fóòmù gbígbẹ kì í mú eruku ìyẹ̀fun yẹn.

AwakọÀtijọ́
Ẹ gbà mí láàyè kí n bù sí i. Láyé àtijọ́, tí a bá fẹ́ kí CG fà, ilé léètì la máa ń gbé orí ẹ́ńjìnnì lọ, kí wọ́n fá a díẹ̀. Àyè inú rẹ̀ á kéré sí i, epo á fún pọ̀ dáadáa kí iná tó mú un. Owó rẹ̀ ò pọ̀. Ẹnu ò gba ìròyìn bó ṣe ń fà.

BàbáSípánà
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni, mo ti ṣe é rí fún àwọn tó ń bá ara wọn sáré. Fún ẹni tó ń ru kòkó, n ò ní fọwọ́ sí i. Lákọ̀ọ́kọ́, tí ẹ bá fún epo pọ̀ jù, pẹ̀lú irú epo tí a ń rà, á máa bú nínú ẹ́ńjìnnì kí àsìkò rẹ̀ tó tó. Ẹ máa gbọ́ ọ bí ẹni ń fi òkúta kéékèèké lu irin, pàápàá tí ẹrù bá wà lẹ́yìn tó ń gun òkè. Orí pístìn ló máa san gbèsè yẹn. Ìkejì, ọ̀pá gbọọrọ ló ń ti fáàfù CG láti ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá fá orí, ọ̀pá wọ̀nyẹn á gùn jù fún un, tápẹ́ẹ̀tì tó ní àlàfo lánàá á di èyí tí kò ní mọ́. Ẹni tó bá fá a tí kò tún tápẹ́ẹ̀tì ṣe ti dá àìsàn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wò sàn yìí sílẹ̀.

AwakọÀtijọ́
A máa ń tún un ṣe o. Epo ìgbà yẹn sì dára ju ti ìsinsìnyí lọ. N ò bá ẹ jiyàn lórí ẹrù.

ÌyáGàrí_Ògbómọ̀ṣọ́
Ọmọ mi, ẹ ti ń sọ̀rọ̀ gígun òkè látàárọ̀, ẹnì kan ò sọ̀rọ̀ sísọ̀. Tí o bá dẹ bíréèkì tán, rí i dájú pé ó ṣì ń mú. Sípírókẹ́ẹ̀tì eyín 14 yẹn náà á ràn ọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀: tí o bá wà ní gíà kejì tí o kò fún un níná, ẹ́ńjìnnì á di máṣíìnì mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Má yọ gíà lórí ìsọ̀ torí pé o fẹ́ fi epo pamọ́. Kí wọ́n sì fún táyà ẹ̀yìn ní afẹ́fẹ́ tó tó lọ́dọ̀ fọganáísà kí o tó di ẹrù. Táyà tó rọ̀ náà ń jẹ agbára.

ỌmọẸ̀fọ̀n
Ẹ ṣeun, Ìyá. Bàbá, fììì ni. Ihò ìdérí ló dí.

Mo ti ra sípírókẹ́ẹ̀tì 14 àti ṣéènì tuntun. Ẹni tó tà á fún mi ní kò ṣe nǹkan kan bí mo bá ṣe fi kílíìpù ìsopọ̀ sí i. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

BàbáSípánà
Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Kílíìpù yẹn ní ẹnu tó là àti ìdí tó dí. Ìdí tó dí ni kó ṣíwájú, síbi tí ṣéènì ń lọ. Tí ẹnu tó là bá ṣíwájú, nǹkan kékeré lè gbá a yọ. Rí i pé kílíìpù wọ inú ibi tó jìn lórí píìnì méjèèjì, fi pláyà tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, fi ènìyàn kan jókòó sórí máṣíìnì kí o tó wọn bí ṣéènì ṣe mì: sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta láàárín, ní ibi tó le jù. Yí táyà títí wàá fi rí ibi tó le jù yẹn, ṣéènì kì í le dọ́gba yí ká.

Ẹ̀ṣọ́Títì
Mo ti ṣí sàlẹ́ńsà. Tíṣà, èédú inú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún agolo mílíìkì. Irin tí mo lù yẹn ńkọ́, ṣé wẹ́dà lè bá mi jó o padà, àbí kí n ra òmíràn?

TíṣàFísíìsì
Tí ikùn sàlẹ́ńsà fúnra rẹ̀ ò bá lù, wẹ́dà lè jó o. Jẹ́ kó fi irin tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀ sí i, kó má dín in kù. Lọ wo ti ẹlòmíràn tí wọn ò tíì lù, wọ̀n ọ́n kó tó bẹ̀rẹ̀.